Ìgbà Mẹ́ta Tí Jimi Agbájé Jáde: Ẹ̀kọ́ Wo Ló Wà Ńbẹ̀ fún Èkó?

Bí ẹnì kan bá ń jáde fún ipò kan náà léraléra tó sì ń fìdí rẹmi, ẹ̀rín ni àwa ará Èkó máa ń fi í rín. A ó ní, "Ṣé ọkùnrin yìí ò mọ̀ pé wọn ò fẹ́ òun ni?" Àwa tí a ń kọ èyí náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó ti iye ìbò tí Jimi Agbájé ní nígbà tó ń du ipò gómìnà, ẹ̀rín náà wọlé lọ. Ohun tí a rí níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan lọ.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí Èkó àtijọ́. Lábẹ́ òfin ọdún 1922 tí Gómìnà Hugh Clifford gbé kalẹ̀, Èkó ní àga mẹ́ta nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Calabar ní ẹyọ kan. Oṣù September 1923 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún nìkan ló láṣẹ láti dìbò. Obìnrin ò sí níbẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹja pípa jẹun náà ò sì lè débẹ̀. Ẹgbẹ́ NNDP tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ ló kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Macaulay fúnra rẹ̀ ò lè díje, nítorí ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. Àwọn mìíràn ló ń jókòó sórí àga, òun ló ń darí wọn láti ìta.

Ọdún 1928 dé, NNDP tún borí. Ọdún 1933 dé, bákan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn dù ú nígbà náà, àfàìmọ̀ kí wọ́n má fi òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní 1934, àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí inú wọn ò dùn sí bí ìjọba ṣe gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà Yaba kalẹ̀. Lagos Youth Movement ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kó tó di Nigerian Youth Movement. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣèpàdé, tí wọ́n fi ń wá ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ń dun ìlú. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 1938, àwọn ni wọ́n gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí NNDP fi jókòó parí lọ́jọ́ kan.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ká wá sí ayé tiwa.

Olújìmí Kọ́láwọlé Agbájé, apòògùn tó kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀, wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ AC fún ìdìbò 2007. Kò rí i gbà, ló bá lọ díje lábẹ́ DPA. Babátúndé Fáṣọlá ló wọlé, Músílíù Ọbanikoro ti PDP ló ṣe ìkejì, Agbájé ṣe ìkẹta. Ó wá bọ́ sínú PDP, ní December 2014, ó sì fi ìbò 432 borí Ọbanikoro tó ní 343 nínú ìdìbò abẹ́lé.

Ìdìbò April 2015 ni èyí tí kò sẹ́ni tó lè pè ní eré. Akínwùnmí Ambode ti APC ní 811,994, Agbájé ní 659,788. Ìjà náà le débi pé ọ̀rọ̀ tí Ọba Rilwan Akiolu bá àwọn olórí Igbo sọ láàfin, nípa ẹni tí kò bá dìbò fún Ambode àti ọ̀sà, gba gbogbo ìròyìn kan. Wọ́n padà ní àwọn èèyàn ṣi ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ ni. Lọ́jọ́ ìdìbò yẹn kan náà, PDP gba àga mẹ́jọ nínú ogójì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Aláúsá.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àga mẹ́jọ náà? Kí sáà tó parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó sórí wọn ti sọdá sí APC. Nígbà tí Agbájé tún jáde ní March 2019, ìbò 206,141 ló rí. Babájídé Sanwó-Olú ní 739,445. Ogójì àga Aláúsá, APC ló kó gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ìbò 453,647 ló fi Agbájé sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. Ẹni tó borí kọ́ ló kó wọn, nítorí ìbò tirẹ̀ náà fi 72,549 dín sí ti Ambode. Lójú tiwa, ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ìbò yẹn jókòó sílé ni, nínú ìpínlẹ̀ tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ní 2023, Gbàdébọ̀ Rhodes-Vivour gbé àsíá LP, ó rí 312,329. PDP, tó ní ìbò 659,788 lọ́dún mẹ́jọ ṣáájú, wálẹ̀ sí 62,449.

A ò sọ èyí láti bú Agbájé. Ẹni tó bá jáde nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde ṣe ìlú lóore, nítorí ìjọba tí kò lálátakò á gbàgbé pé èèyàn ló gbé òun débẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdún 1938 fi hàn wá ni pé ojú tí ìlú mọ̀ nìkan kì í borí. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà kọ́ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó wá olùdíje. Ní tiwa, olùdíje la máa ń kọ́kọ́ wá, ẹgbẹ́ á wá di ọkọ̀ tí a wọ̀ dé ibùdó ìdìbò, tí a sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí àga mẹ́jọ fi lè yọ́ bí iyọ̀ láìsí ẹni tó bèèrè.

Púpọ̀ nínú wa ló máa dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2027. Ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ fẹ́, ẹ má dúró de oṣù ìpolongo. Ẹ mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú àdúgbò yín ní Aláúsá. Ẹ béèrè ohun tó ṣe. Bí ẹni tí ẹ dìbò fún bá fìdí rẹmi, ọjọ́ kejì ni kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ẹni tó gbé e lẹ́ẹ̀mẹta.