Ohùn Ìyá Mi Nínú Díìsìkì

Iná lọ lóru nígbà tí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tọ́jú nǹkan ilé wa ṣì ń kọ̀wé sórí díìsìkì. Nígbà tí iná dé, kò ṣí mọ́. Ohùn ìyá mi tó ti dolóògbé wà níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù pé iná lè lọ kí ohun tó wà lórí díìsìkì sì bàjẹ́ ti pẹ́. Ní 1993, Rémy Card ṣe ext2, ètò tó ń to fáìlì sórí díìsìkì, fún Linux. Ó dára, àmọ́ bí iná bá lọ, ètò àyẹ̀wò tó ń jẹ́ fsck gbọ́dọ̀ yẹ díìsìkì wò látòkèdélẹ̀. Stephen Tweedie ló wá fi ìwé àkọsílẹ̀ kún un, tó di ext3, tó sì wọ Linux ní 2001. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀, bí alájọ ṣe ń fa ìlà sí káàdì kó tó ki owó bọ àpò. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni.

Díìsìkì tèmi ti gbó, ext2 ló wà lórí ẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo fi ddrescue, ètò tó ń da díìsìkì tó bàjẹ́ kọ, da gbogbo rẹ̀ kọ sórí òmíràn: ó ń fo ibi tó bàjẹ́, ó tún ń padà síbẹ̀. Orí ẹ̀dà yẹn ni mo ti ṣe e2fsck -b 32768, ìyẹn fsck ti ext2, kó lè lo ẹ̀dà superblock, àkọsílẹ̀ bí ètò fáìlì náà ṣe rí, tó wà nípamọ́.

Inú àpò lost+found, níbi tó ń kó fáìlì tó rí sí, ni àwọn fáìlì ti jáde, wọn ò lórúkọ mọ́, nọ́ńbà nìkan. Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ọ̀kan dún. Ìyá mi ni, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.