Iṣẹ́ Abẹ fún Ẹni tí ó ń Lo Oògùn Àìsàn Ọpọlọ

Kí a tó fi abẹ kan ara aláìsàn, a ó kọ́kọ́ fún un ní oògùn akunnilóorun tàbí abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora. Bí ó bá ti ń lo oògùn àìsàn ọpọlọ tẹ́lẹ̀, àwọn oògùn náà lè ṣèdíwọ́ fún ara wọn. A kọ àlàyé yìí fún àwọn ará Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, nítorí pé ẹni tí ó ń gba oògùn rẹ̀ ní ìgboro Ìbàdàn lè bá ara rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí kò mọ ìtàn àìsàn rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì bá dé.

Ibi tí ewu wà

Chlorpromazine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Largactil, máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀. Oògùn akunnilóorun pẹ̀lú lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lithium lè mú kí oògùn tí ń dẹ iṣan pẹ́ lára, ó sì lè di májèlé bí omi bá gbẹ lára aláìsàn. Tramadol, tí a fi ń pa ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lè fa gìrì fún ẹni tí ó ń lo amitriptyline tàbí fluoxetine. Ketamine lè mú kí aláìsàn máa rí ohun tí kò sí nígbà tí ó bá ń jí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni egbòogi. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Reserpine tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀, agbára rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lára.

Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín

Bí a bá já oògùn ọpọlọ sílẹ̀ lójijì, àìsàn náà lè padà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a máa ń lò títí di òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Dókítà lè ní kí a dá lithium dúró ní wákàtí 24 ṣáájú iṣẹ́ abẹ ńlá. Òun ni yóò pinnu.

Ohun tí ẹ ó ṣe

- Ẹ kó gbogbo páálí, káàdì àti ìgò oògùn yín lọ, pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn.
- Ẹ dárúkọ abẹ́rẹ́ tí ẹ ń gbà lóṣooṣù. Ó ṣì wà lára yín.
- Ẹ sọ nípa àgbo, ọtí àti igbó.
- Ẹ má jẹun fún wákàtí 6, ẹ má sì mu omi fún wákàtí 2 ṣáájú iṣẹ́ abẹ, àfi bí dókítà bá sọ ohun mìíràn.
- Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹbí mọ orúkọ oògùn yín.

Ìtìjú ni ó sábà máa ń mú kí ẹbí fi àìsàn ọpọlọ pamọ́, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ lè bá dókítà sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀: Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 dáàbò bo àṣírí aláìsàn.