Ìtàn Tí Ó Wà Lẹ́nu Àwọn Àgbà

Ní àkókò Kérésìmesì àti Àjíǹde, àwọn ọmọ Òkè-Ògbò ní Ilé-Ifẹ̀ a máa ti ìdálẹ̀ wá sí ilé baba wọn. A óò jẹ, a óò mu, a óò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ a dìde kúrò níbẹ̀. Èyí kò dára.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ogun Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tú ìlú wa, ní 1849 àti ní 1882. Àwọn tí ó sá lọ nígbà kejì kò padà títí di 1894. Níbo ni ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ara pamọ́ sí? Ta ni a kó lẹ́rú? Àwọn àgbà nìkan ni ó lè wí.

Ìyá àgbà kan nínú ẹbí mi a máa sọ pé inú oko ni a bí ìyá òun sí nígbà ogun náà. Lọ́dọọdún ni mo ń wí pé, “Ìyá, bí ó bá di ọdún tí ń bọ̀, èmi yóò kọ ọ́.” Kí ọdún náà tó dé, wọ́n ti sùn. Nígbà tí mo dúró létí ibojì wọn, mo mọ gbogbo àdúrà ìsìnkú láìwo ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ oko náà.

Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ àwọn tí ó mọ ìtàn lọ, bí Josiah Oni oníṣòwò àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ní 1897 ó parí ìwé ìtàn Yorùbá; a fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti ìṣáájú wà nílé. Láti inú rẹ̀ ni Dókítà Obadiah Johnson, arákùnrin rẹ̀, tún ìwé náà kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn àgbà wa, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ilé méjì. Ẹ má ṣe béèrè ọdún lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè ọba tí ó wà lórí oyè, bóyá Ọọ̀ni Adémilúyì tí ó wàjà ní 1930, tàbí Ọọ̀ni Adérẹ̀mí tí ó jẹ tẹ̀lé e títí di 1980. Ẹ gbọ́ ti ará Mọdákẹ́kẹ́ pẹ̀lú, nítorí agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìtàn apá kan sì wà lára ohun tí a fi ń dá ìjà sílẹ̀.

Jóṣúà to òkúta méjìlá jọ ní Gílígálì, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ wọn. Àwọn àgbà wa ni òkúta tiwa. Ṣùgbọ́n òkúta a máa pẹ́ jù wọ́n lọ. Ẹ béèrè ní ọdún yìí.