Àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìṣirò owó: Ohun tí òfin là sílẹ̀

Alájọ tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ní Jáńkárà, Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í gbowó láì sàmì sí káàdì oníbàárà. Irú ìjíhìn bẹ́ẹ̀ ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀.

Abala 125 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 pàṣẹ pé kí ọ́dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ yẹ ìwé owó ìjọba, ti àwọn ọ́fíìsì àti ilé-ẹjọ́ rẹ̀ wò. Bí akáǹtáǹtì àgbà bá ti kó ìṣirò ọdún lé e lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láàárín ọjọ́ 90. Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti darí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ti àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀ yàtọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni LSDPC. Ọdún 1928 ni ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó wá ń jà l'Ékòó. LEDB yìí ló wó ọ̀pọ̀ ilé ní Erékùṣù Èkó lẹ́yìn ọdún 1955, tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ṣí lọ sí Sùúrùlérè. Lọ́dún 1972, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àjọ ti Ìkẹjà àti ti Ẹ̀pẹ́, ó sì di LSDPC. Ọwọ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀ máa ń tó ilé àti ilẹ̀ onílé. Ìdí nìyí tí ìṣirò owó wọn fi kan ará Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ̀ngbọ̀n.

Òfin kò gbà kí ọ́dítọ̀ àgbà fúnra rẹ̀ yẹ ìwé owó wọn wò. Ọ́dítọ̀ ìta ni wọn yóò gbà, láti inú orúkọ tí ó bá fún wọn. Ó lè máa bẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè, yóò sì sọ èrò rẹ̀ lórí ìṣirò ọdún wọn àti àbọ̀ ọ́dítọ̀ náà.

Àlàfo kan wà níbẹ̀. Ọjọ́ 90 yẹn kò bẹ̀rẹ̀ àfi tí ìṣirò bá dé ọwọ́ ọ́dítọ̀ àgbà, abala náà kò sì dá ọjọ́ tí akáǹtáǹtì àgbà gbọ́dọ̀ kó o wá. Bí ìṣirò bá falẹ̀, àbọ̀ náà yóò falẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà fún aráàlú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dájọ́ pé òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá béèrè kò ní láti sọ ìdí, ọjọ́ 7 sì ni òfin fún iléeṣẹ́ náà láti fèsì. Ìṣirò ọdún àjọ àti àbọ̀ ọ́dítọ̀ rẹ̀ ni ìwé tó yẹ kí aráàlú kọ́kọ́ béèrè.