Owó Ta Ló Sọ Blender Di Ọ̀fẹ́?

Ìbéèrè kan wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́: "Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kàtúùnù. Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, mi ò sì lówó. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn dáhùn.

Kàtúùnù kì í ṣe àjèjì sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1966, Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, gbé Bon voyage, Sim jáde, fíìmù kékeré kan nípa ọ̀pọ̀lọ́ tó jẹ́ ààrẹ. Ọwọ́ ló fi ya á. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ ná: fíìmù ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 10 lè gba àwòrán 240!

Kọ̀ǹpútà wá dín iṣẹ́ yẹn kù. Ní 1994, ní Netherlands, Ton Roosendaal bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Blender fún ilé iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di 2002, àwọn olówó tó dókòwò sí i fà sẹ́yìn, Blender sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Wọ́n gbà láti tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé tí wọ́n bá rí 100,000 yúrò. Ton ké sí àwọn tó ń lò ó, kálukú dá iye tápá rẹ̀ ká. Ọ̀sẹ̀ méje péré, owó pé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2002, Blender di ti gbogbo ayé. Òun náà ni wọ́n fi ṣe Flow, fíìmù ọmọ Latvia tó gba Oscar ní 2025.

Ohun tí ẹ ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, ìdáwó àwọn tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ló san án.

Àwa náà mọ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Ní 2020, Ikorodu Bois, ọmọ ẹbí kan náà, fi ohun èlò inú ilé tún àfihàn ráńpẹ́ fíìmù Extraction ṣe. Àwọn tó ṣe fíìmù náà gangan rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi ayẹyẹ apá kejì rẹ̀. Kì í ṣe kàtúùnù, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá a ṣe nínú wọn.

Tẹ́ ẹ bá wá ṣí Blender, ẹ má tíì sáré sídìí ìjà róbọ́ọ̀tì. Bọ́ọ̀lù kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jù. Ẹ gbé e sókè ní frame 1, kẹ́ ẹ tẹ lẹ́tà I kí kọ̀ǹpútà lè rántí ibẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ ní frame 12, ẹ tẹ I. Ẹ dá a padà sókè ní frame 24, ẹ tún tẹ I. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á parí ìyókù. Àmọ́ bọ́ọ̀lù yín á máa léfòó bíi fèrè, torí Blender ń dẹ eré rẹ̀ bó ṣe ń kanlẹ̀. Bọ́ọ̀lù gidi máa ń yára bó ṣe ń já bọ́, òkè ló ti ń rọra. Ẹ wọ Graph Editor, kẹ́ ẹ mú kí ìlà ibẹ̀ ṣóńṣó ní frame 12. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbìyànjú ọkọ̀ ojú omi tó ń mì lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dúró ni láptọ́ọ̀pù. Blender kì í ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ó sì ń fẹ́ RAM tí kò dín ní 8GB. Àmọ́ ṣé kì í ṣe àjọ ni àwọn ìyá wa fi ń ra ọjà? Ẹni márùn-ún lè dá a ra ẹyọ kan, kí wọ́n máa gbà á lò ní tòsẹ̀-tòsẹ̀. Ẹni tí kò tíì kàn lè máa fi FlipaClip ya àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rin tẹ́ ẹ fẹ́ bá dájọ. Ó dìgbà o!