Ìran adìyẹ àti àfikún oúnjẹ nínú ọ̀sìn bùrọ́ílà

Adìyẹ bùrọ́ílà ni adìyẹ tí wọ́n ń sìn nítorí ẹran rẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí adìyẹ ẹlẹ́yin. Ohun méjì ló ń pinnu bí ó ṣe ń yára dàgbà tó: ìran tí ó ti wá àti oúnjẹ tí ó ń jẹ. Àfikún oúnjẹ ni àwọn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ ní ìwọ̀n díẹ̀, kí oúnjẹ náà lè dà dáadáa tàbí kí àìsàn má baà wọlé. Ọ̀sìn tó lè tọ́jọ́ ni èyí tó ń mú èrè wá fún ọlọ́sìn láìba ilẹ̀, omi àti ìlera ènìyàn jẹ́, tí kò sì ni adìyẹ fúnra rẹ̀ lára. Nínú irú ọ̀sìn bẹ́ẹ̀, yíyan ìran àti yíyan àfikún oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ìṣòro tí ọ̀kan bá dá sílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi èkejì wá ojútùú sí.

Ìpìlẹ̀ ìran bùrọ́ílà

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹran adìyẹ tí wọ́n ń jẹ ní Amẹ́ríkà ló ń wá láti ara ọ̀sìn ẹlẹ́yin: àwọn àkùkọ tí kò wúlò fún ẹyin àti àwọn àgbébọ̀ tó ti dẹ́kun yíyé. Láàárín ọdún 1946 sí 1948, wọ́n ṣe ìdíje kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí «Adìyẹ Ọ̀la», tí ilé-iṣẹ́ olùtajà oúnjẹ A&P ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, láti wá adìyẹ tí àyà rẹ̀ yóò kún fún ẹran. Charles Vantress, ará California, ló gba ipò kìíní ní ọdún 1948 pẹ̀lú adìyẹ tí ó mú jáde láti ara ìran Cornish àti New Hampshire. Ó tún borí nínú ìdíje ti ọdún 1951. Láti ìgbà náà ni mímú ìran kan gun òmíràn ti di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára orúkọ ilé-iṣẹ́ Cobb-Vantress, tí ó ni ìran Cobb 500. Ilé-iṣẹ́ Aviagen ló ni Ross 308 àti Arbor Acres.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 fi hàn bí àyípadà náà ti pọ̀ tó. Ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, wọ́n fi oúnjẹ kan náà bọ́ ìran tí wọn kò tíì yí padà láti ọdún 1957, ìran ti ọdún 1978, àti Ross 308 ti ọdún 2005. Ní ọjọ́ 56, ti ọdún 1957 wọn gíráàmù 905, ti ọdún 1978 wọn gíráàmù 1,808, ti ọdún 2005 sì wọn gíráàmù 4,202. Níwọ̀n bí oúnjẹ wọn ti jẹ́ ọ̀kan náà, ìran wọn ló fa ìyàtọ̀ náà.

Ìdàgbàsókè yìí ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ adìyẹ. Ẹran ara máa ń yára ju egungun ẹsẹ̀ àti ọkàn lọ, nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe ń tiro, tí omi sì ń dá sí ikùn àwọn mìíràn títí wọn yóò fi kú. Ìlà funfun àti líle tún máa ń wà nínú ẹran àyà wọn. Àwọn òbí tó ń yé ẹyin bùrọ́ílà kò lè jẹun yó, nítorí pé bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tẹ́rùn, sísanra kò ní jẹ́ kí wọ́n yé dáadáa. Bákan náà, ọmọ tí bùrọ́ílà bá bí kì í jọ òbí rẹ̀, ìdí nìyí tí ọlọ́sìn fi gbọ́dọ̀ ra òròmọdìyẹ tuntun ní ìgbà gbogbo.

Oògùn apakòkòrò nínú oúnjẹ

Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Robert Stokstad àti Thomas Jukes ní ilé-ìwádìí Lederle ní Amẹ́ríkà rí i pé òròmọdìyẹ tó jẹ ìyókù ohun tí wọ́n fi ṣe oògùn Aureomycin ń dàgbà ju àwọn yòókù lọ. Láìpẹ́, oògùn apakòkòrò di ohun tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ tí ara rẹ̀ le, kì í ṣe fún ìwòsàn, bí kò ṣe kí ó lè tètè tóbi.

Ewu rẹ̀ ni pé oògùn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń pa kòkòrò tí kò lágbára, ó sì ń fi àwọn tí oògùn kò ràn sílẹ̀ láti bí sí i. Avoparcin jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Ó bá vancomycin tan, ìyẹn oògùn tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò nígbà tí òmíràn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, kòkòrò tí avoparcin kò bá sì ràn, vancomycin kì í ràn án. Denmark fòfin de avoparcin ní ọdún 1995. Ní ọdún náà, ìdá 72.7 nínú ọgọ́rùn-ún kòkòrò Enterococcus faecium tí wọ́n rí lára bùrọ́ílà níbẹ̀ ni oògùn irú èyí kò ràn. Ní ọdún 2000, ó ti wá sílẹ̀ sí ìdá 5.8.

Sweden ti fòpin sí lílo oògùn apakòkòrò fún ìdàgbàsókè láti ọdún 1986. Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de èyí tó kù ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006. Ní Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni kò ti sí àyè mọ́ láti lo àwọn oògùn tó ṣe pàtàkì fún ìwòsàn ènìyàn láti fi mú ẹran ọ̀sìn dàgbà.

Àwọn àfikún mìíràn

Kò sí àfikún kan ṣoṣo tó rọ́pò oògùn wọ̀nyí. Oríṣiríṣi ni wọ́n ń lò pọ̀:

Phytase jẹ́ ẹ́ńsáìmù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì inú àgbàdo àti sóyà ló wà nínú phytate, tí ìfun adìyẹ kò lè tú dáadáa. Èyí tí kò bá dà máa ń bá ìgbẹ́ jáde, òjò a sì gbé e lọ sínú odò, níbi tí ó ti ń mú ewédò hù jù. Phytase ń tú fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ fún adìyẹ. Ní ọdún 1991 ni ó dé ọjà ní Netherlands, orílẹ̀-èdè tí ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn ti di ìṣòro.

Methionine àti lysine jẹ́ èròjà purotéènì tí àgbàdo àti sóyà kì í ní tó. Bí wọ́n bá fi wọ́n kún oúnjẹ, sóyà tí wọ́n nílò yóò dín kù, náítírójìn inú ìgbẹ́ yóò dín kù, òórùn amóníà inú ilé adìyẹ náà yóò sì rọlẹ̀.

Kòkòrò rere, bíi Lactobacillus àti Bacillus, máa ń gba àyè nínú ìfun kí kòkòrò àrùn tó dé. Ní ọdún 1973, Nurmi àti Rantala ní Finland fi hàn pé òròmọdìyẹ tó gba ohun inú ìfun àgbà adìyẹ kì í tètè kó Salmonella.

Bentonite jẹ́ amọ̀ tó ń di aflatoxin mú, ìyẹn májèlé tí ebu ń ṣe sínú àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa.

Àfikún wọ̀nyí kò lè ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó. Níbi tí ìdọ̀tí bá wà, tí atẹ́gùn kò wọlé, tàbí tí adìyẹ ti há jù, ipá wọn kì í tó.

Ìran tí kì í yára dàgbà

Ọ̀nà kejì ni láti yan ìran tí kò ní nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀. Ní Fáránsé, adìyẹ tó ní àmì Label Rouge gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 81 ó kéré tán kí wọ́n tó pa á. Bùrọ́ílà lásán kì í ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lọ kí ó tó wọn kìlógíráàmù méjì. Ní Netherlands, àwọn ilé-ìtajà ńlá ti fi ìran tí kì í yára dàgbà rọ́pò bùrọ́ílà lásán lórí àtẹ ẹran tútù wọn, ọlọ́sìn ibẹ̀ kò sì lo oògùn apakòkòrò fún un tó bí wọ́n ṣe ń lò ó fún èyí tó ń yára.

Àǹfààní yìí ní owó orí tirẹ̀. Adìyẹ tó pẹ́ láyé ń jẹun pẹ́. Kí ó tó fún ènìyàn ní kìlógíráàmù ẹran kan, ó ti jẹ àgbàdo àti sóyà ju ti ìran tó ń yára lọ, ilẹ̀ tí wọn yóò fi gbìn wọ́n sì ti pọ̀ sí i. Ohun tó rọ adìyẹ lára lè ni ilẹ̀ lára.

Ní Nàìjíríà

Nàìjíríà fòfin de kíkó adìyẹ dídì wọlé ní ọdún 2003, ìyẹn sì fi ojúṣe ẹran náà lé ọlọ́sìn ilé lọ́wọ́. Oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn. Ìran òkèèrè tó ń yára ń fẹ́ oúnjẹ tó péye àti ilé tó tutù, ooru sì tètè máa ń pa á. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sin àwọn ìran alápapọ̀, tó wúlò fún ẹran àti ẹyin, tó sì lè jẹ̀ káàkiri. Lára wọn ni FUNAAB Alpha, tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta mú jáde láti ara adìyẹ ìbílẹ̀, tí ó gba ìforúkọsílẹ̀ ní ọdún 2018, àti Noiler, ti ilé-iṣẹ́ Amo tó wà ní Àwẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọn kì í tóbi bíi bùrọ́ílà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Adìyẹ ìbílẹ̀ tún ní ohun tí ìran òkèèrè kò ní. Abọ́lọ́rùn, tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, àti aṣa, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn, máa ń jẹ́ kí ooru tètè jáde lára wọn. Àwọn olùwádìí ń lo àbùdá méjèèjì láti bí adìyẹ tó lè fara da ooru. Ní àwọn yunifásítì, wọ́n tún ń dán atalẹ̀, ááyù, ewúro àti ẹ̀fìnrín wò gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ, àbájáde wọn sì máa ń yàtọ̀ láti ìwádìí kan sí òmíràn.

Oògùn apakòkòrò fún adìyẹ ṣì ṣeé rà ní ọjà láìsí ìwé dókítà ẹranko. Nítorí èyí, iye ọjọ́ tó yẹ kó kọjá láàárín ìgbà tí wọ́n dá oògùn dúró àti ìgbà tí wọ́n pa adìyẹ ṣe pàtàkì. Bí ọlọ́sìn kò bá dúró dè é, ìyókù oògùn yóò bá ẹran wọ inú ìkòkò ọbẹ̀.