"Ẹ Má Lu Ihò Sí I": Ìtàn Rédíò Inú Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Àríwá Èkìtì

Bàbá kan ní Ìkọ̀lé ló ránṣẹ́ pè wá. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n, Pijó 504 wọn sì wà lábẹ́ tapólì nínú ọgbà. Wọ́n ti gbọ́ pé díẹ̀ nínú wa ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní FUOYE. Wọ́n mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde. Oríkì ìdílé ni ìyá wọn kì sínú rẹ̀ ní ẹ̀ka èdè Èkìtì pọ́ńbélé, kí màmá tó di olóògbé. Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ, nínú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tí ríwáyà kan so mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́. Ohun tó kù ni rédíò tó bá ọkọ̀ náà wá láti Kàdúná, àti ihò méjì tí ríwáyà yẹn gé sára ilẹ̀kùn iwájú torí sípíkà. Etí ihò méjèèjì ti dógùn-ún.

Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ohùn ìyá mi ni mo fẹ́ gbọ́ nínú ọkọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má lu ihò kankan sí i o."

Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa bí orin ṣe dé inú ọkọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, inú ilé ni a ti kọ́kọ́ mọ rédíò. Wáyà ni wọ́n fi gbé e wọ ilé àwọn ará Ìbàdàn ní 1939, àwọn bàbá wa sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, torí pé yóò máa sọ̀rọ̀ ṣáá, kò sì ní gbọ́ tìrẹ. Ohun tí a fi wáyà so mọ́ ògiri kò lè bá ọkọ̀ rìn. Lókè òkun, wọ́n ti ń ta rédíò ọkọ̀ nígbà náà: Motorola ní Amẹ́ríkà láti 1930, Blaupunkt ní Jámánì láti 1932. Àwọn rédíò wọ̀nyẹn tóbi, wọ́n wọ́n gan-an, wọ́n sì ń mu bátìrì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Tiransísítọ̀, tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1947, ló sọ rédíò ọkọ̀ di ohun kékeré tó lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Pijó bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí Ìjàpá fi gba ìgboro. Bí o bá rí 504 ní Ìdó tàbí Ọ̀yẹ́ nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ti dókítà tàbí ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Èyí tó gùn lẹ́yìn ló ń kó èrò lọ sí Adó, sí Ìbàdàn, sí Èkó. Mídíọ̀mù wéfù ni rédíò inú wọn ń gbà. Ìgbì yẹn máa ń bá ilẹ̀ rìn jìnnà, òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ti FM kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tààrà ni FM ń tọ̀, ẹni tó bá sì mọ àwọn òkè Èkìtì mọ ohun tí a ń sọ. Síbẹ̀, FM ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò kó lọ, tí rédíò àtijọ́ fi di aláìníṣẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì, tí Philips gbé jáde ní 1963, ló fún awakọ̀ lómìnira. Kò sí pé à ń dúró de ohun tí Ìbàdàn bá gbé sáfẹ́fẹ́ mọ́. Awakọ̀ tó gbéra ní Ìkọ̀lé lè fi Ebenezer Obey sí i, kó yí i padà ní Ìfàkì, kó sì fi Sunny Adé wọ Adó. Orin pọ̀ sí i, ariwo náà pọ̀ sí i, sípíkà tó bá ọkọ̀ wá kò sì tó mọ́.

Ibẹ̀ ni gígé ti bẹ̀rẹ̀. Ìrè kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́. Ìlú Ògún Onírè ni, àwọn awakọ̀ mélòó ló sì ń júbà Ògún kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ síná! Síbẹ̀, irin ọkọ̀ ni wọ́n ń gé bí ẹni gé páálí. Wọ́n gé ilẹ̀kùn, wọ́n gé pákó ẹ̀yìn ìjókòó torí sípíkà olóbìírípo, wọ́n fẹ ojú ihò rédíò kí ẹ̀rọ tuntun lè wọlé. A kò dá wọn lẹ́bi tán. Ta ló mọ̀ nígbà náà pé 504 yóò di ohun àtijọ́ tí ènìyàn ń wá kiri? Ṣùgbọ́n wáyà ṣeé tú, àwọ̀ ìjókòó ṣeé rán. Irin tí a gé kúrò ti lọ.

A gbé iṣẹ́ bàbá sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fi FM gbé orin láti fóònù sínú rédíò, ṣùgbọ́n rédíò bàbá kò ní FM. A wá tú rédíò náà. Nínú gbogbo rédíò báyìí, ohùn yóò kọ́kọ́ dé ibi kọ́ńtíróòlù tí a fi ń gbé e sókè, kó tó lọ sí apá tó ń fún un lágbára. A so wáyà Búlútúùtù kékeré kan mọ́ ibẹ̀, a sì fi suwíìṣì sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, láìlo ìdè kankan. Sípíkà kan ṣoṣo ni rédíò náà ní, nítorí náà a mú ohùn ọ̀tún àti ti òsì gba inú résísítọ̀ méjì kí a tó pa wọ́n pọ̀. Bí a bá kàn fún wọn pọ̀ lásán, ọ̀kan yóò máa bá èkejì jà.

Ìjà kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwa náà. Ọ̀kan nínú wa ní fífi lẹ́ẹ̀dì kan inú rédíò náà ti jẹ́ yíyí padà. Àwa yòókù ní ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún lè tú kúrò kì í ṣe yíyí padà. A kò tíì parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìtìjú wa ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí bàbá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni sípíkà ń ké wíín, tó ń ga sókè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré. A ti da ilẹ̀ iná Búlútúùtù náà pọ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ. A mú gbogbo ilẹ̀ iná wá síbi kan ṣoṣo, lára rédíò fúnra rẹ̀, a sì lo ẹ̀rọ kékeré tó ya iná fóltì 5 Búlútúùtù sọ́tọ̀ kúrò lára 12 ti bátìrì. Ariwo náà dákẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ní Morris Minor bàbá àgbà yín nílé, ẹ ṣọ́ra: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ rere bátìrì ló kan ara ọkọ̀. Ẹ̀rọ òde òní tí ẹ bá so mọ́ ọn láìwò ó yóò jó.)

Ìwé inú sípíkà ti gbẹ, ó ti ya. A wá òmíràn tó bá ihò ìdè rẹ̀ mu, a sì fi ti àtijọ́ sínú páálí, a gbé e fún bàbá. Àpótí sípíkà méjì wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, a fi okùn dè wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó. Wáyà áńpílífáyà wọn gba inú ihò rọ́bà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fíúùsì rẹ̀ sì wà nítòsí bátìrì. Ihò ilẹ̀kùn méjì yẹn, a kò fọwọ́ kàn wọ́n. Páńẹ́ẹ̀lì bítà ló lè dí wọn.

Inú fóònù ni a gba ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà sí, lẹ́yìn tí a ti fi ọwọ́ yí téèpù rẹ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ torí pé ó ti fẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá wa 504 náà láti Ìkọ̀lé lọ sí Ọ̀yẹ́, àwa mẹ́ta sì jókòó sẹ́yìn. Ohùn màmá jáde láti inú rédíò náà, ó gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pè ló yé wa ketekete. Bàbá kò sọ nǹkan kan títí a fi dé Ìtàpá. Níbẹ̀ ni wọ́n na ọwọ́ sí kọ́ńtíróòlù, wọ́n rẹ ohùn náà sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú.